Bí sìlíńdà gáàsì àtijọ́ kan ṣe di agogo ilé ìwé àti ààrò ẹ̀wà ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin

Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti bi mí pé báwo la ṣe rí agogo yẹn ṣe, tí mo bá sì ti ń ṣàlàyé báyìí wọ́n á ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi, wọ́n á ní ah, ẹ kàn gé sìlíńdà sí méjì ni, ó parí. Kò parí o. Ohun tí a ṣe kí ayùn tó kan irin yẹn gba ọjọ́ mẹ́ta, gígé ẹ̀ ò gbà ju ọjọ́ kan lọ, ọjọ́ mẹ́ta yẹn sì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fara balẹ̀ kà torí ẹ̀mí èèyàn wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni sìlíńdà náà. Abẹ́òkúta ló ń gbé tẹ́lẹ̀, nígbà tó ń kó padà wálé sí Kétu ó di gbogbo ẹrù ẹ̀ sínú ọkọ̀, ó gba Ìmẹ̀kọ wọ Ìlárá, sìlíńdà ńlá oní-kílò 12.5 sì wà lára ẹrù náà. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ gáàsì ṣe rí lápá méjèèjì ààlà á ti mọ ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́hùn-ún ní Nàìjíríà ọ̀pọ̀ èèyàn ló ni sìlíńdà tiwọn fúnra wọn, wọ́n á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ta gáàsì, wọ́n á bá wọn rọ ọ́ sí i, wọ́n á gbé nǹkan wọn padà sílé. Lọ́dọ̀ tiwa níbí pàṣípààrọ̀ ni, wàá san owó consigne, ìyẹn owó ìdógò sìlíńdà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí gáàsì bá tán wàá gbé òfìfo lọ, wọ́n á gbé èyí tó kún fún ẹ, bouteille yẹn, ìyẹn sìlíńdà náà, kì í ṣe tìẹ, ti ilé iṣẹ́ tó ń ta gáàsì ni. Kò wá sẹ́ni tó fẹ́ gba ti ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe tàwọn, àwọ̀ ẹ̀ gan-an yàtọ̀. Ló bá di ohun tó ń jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná, òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, ọdún mẹ́fà gbáko, òrùka ìdí ẹ̀ dógùn-ún títí tó fi ń ṣí bí èèpo igi.

Mo tètè sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín yìí torí mo ti rí àwọn tó ń gbé bouteille ilé iṣẹ́ lọ gé. Ẹ má ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ti ní èyí tí ẹ san consigne lé lórí tẹ́ ẹ ò sì lò ó mọ́, ẹ gbé e padà fún àwọn tó ta á fún yín. Ti ẹ̀gbọ́n mi nìkan la lè fọwọ́ sọ̀yà pé tiwa ni, òun ló fowó ẹ̀ rà á lọ́jà.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọmọ wa ń lọ, rímù lọ́rì ni agogo wọn látìgbà tí èmi gan-an ti ń kàwé níbẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò, wọ́n ń fi irin lù ú. Nínú oṣù Bélú tó kọjá, àwọn olè gé wáyà tí wọ́n fi so ó, wọ́n gbé rímù lọ, ó jọ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù ló gbà, a wá a títí a ò rí i. Látọjọ́ náà, fèrè ni ọ̀gá ilé ìwé ń fọn, kíláàsì tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún kì í gbọ́, àwọn kéékèèké á ti jáde ìsinmi, àwọn àgbà á ṣì jókòó sínú yàrá, nígbà tí àwọn àgbà bá wá jáde àwọn kéékèèké ti ń wọlé. Àwa òbí ṣèpàdé, a dáwó, owó tó jọ ò tó fi ra agogo gidi. Lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé yẹn mo kọjá lẹ́yìn ilé ìdáná, mi ò mọ ohun tó sún mi, mo mú ọmọ odó, mo fi gbá sìlíńdà yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dún gọ̀ọ́ọ́ọ́n. Mo dúró síbẹ̀ títí ohùn náà fi tán nílẹ̀, ó pẹ́ kó tó tán.

Ẹ̀gbọ́n mi gbà pé ká mú un. Ó ti ẹ̀ ti ń ronú tẹ́lẹ̀ pé òun á tà á fún àwọn tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kí wọ́n fi gba atẹ́gùn pamọ́, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é, irin tó ti dógùn-ún fún ọdún mẹ́fà, ta ló mọ bó ṣe fẹ́lẹ́ tó nísàlẹ̀, kí wọ́n wá máa fi atẹ́gùn sí i kó máa le koko láàárín ọjà, rárá.

Ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe aburú nìyí. Mo gbé e sẹ́yìn zémíjàn, ọ̀kadà tiwa níbí, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ajórin kan lẹ́bàá títì. Lára òrùka tí a fi ń gbé e, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sí irin pé 15 kílò ni òfìfo ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí mo bá níbẹ̀ gbé e sórí òṣùwọ̀n ìyá alágbàdo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, 15 kílò náà ló sọ. Ó ní ó ti tán pátápátá, ó dà á dùbúlẹ̀, ó wọ dígí sójú, ó ki wáyà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin bọ iná. Èmi náà dúró, ọkàn mi balẹ̀, mo ń wo ibi tó fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí. Ohun tó yọ wá ni pé mo bẹ̀rẹ̀ láti bá a di orí ẹ̀ mú kó má baà yí, imú mi wá sún mọ́ ẹnu idẹ tí wọ́n ń so rọ́bà mọ́, ni mo bá gbóòórùn ẹ̀. Díẹ̀ báyìí. Bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Òórùn yẹn ni wọ́n dìídì ń fi sí gáàsì kí èèyàn lè mọ̀ tó bá ń jò, gáàsì fúnra ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn. Mo ní dúró ná. Kò dùn mọ́ ọn nínú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rí òṣùwọ̀n ni?"

Mo rí i. Òṣùwọ̀n ò purọ́, àwa la bi í ní ohun tí kò lè mọ̀. Tí gáàsì bá kún sìlíńdà, omi ló jẹ́ nínú ibẹ̀, ìfúnpá tó wà nínú irin yẹn ló sọ ọ́ di omi, omi yẹn ló ní ìwọ̀n. Tí omi ẹ̀ bá wá gbẹ tán, tí iná ò jó mọ́, èéfín ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó kún gbogbo inú ẹ̀ láti ìdí dé orí. Sìlíńdà oní-12.5 máa ń gba omi bíi lítà 26, èéfín gáàsì tó kún lítà 26 kò tó gíráàmù 100. Òṣùwọ̀n alágbàdo wo ló máa rí ìyẹn? Ó sì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gáàsì nìkan kì í jó láìsí atẹ́gùn, ìgbà tó bá dà pọ̀ mọ́ atẹ́gùn débi pé nínú ìdá 100 gáàsì kó bíi ìdá 2 sí ìdá 10 níbẹ̀, ìgbà yẹn ni iná kékeré á kàn án tí gbogbo ẹ̀ á bú gbàù lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà sìlíńdà tó ti tán, tí ẹnu ẹ̀ ti ṣí sílẹ̀, tí atẹ́gùn ti ń wọ inú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òun lẹ̀rù ẹ̀ yẹ kó bà wá jù. Wọ́n á ní ẹ ṣí i sílẹ̀ nínú oòrùn kó fẹ́ lọ. Kò ní fẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, gáàsì yìí wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ ló ń jókòó sí bí omi ṣe ń jókòó sísàlẹ̀ ìkòkò.

Mo gbé e kúrò níbẹ̀. Mi ò bá ọmọ yẹn jà, ọ̀gá ẹ̀ ni ò kọ́ ọ.

Ọ̀gá tí mo wá gbé e lọ bá, ìdílé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n, ilé wọn ò jìnnà sí Àkàbà Ìdèná, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, kí wọ́n tó kọ́ iṣẹ́ jíjó irin rárá, ẹwìrì ni wọ́n fi ń fínná fún bàbá wọn. Wọ́n ti dàgbà, ọwọ́ wọn ò yá mọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń ṣe èyí tó pọ̀. Wọn ò fọwọ́ kan sìlíńdà náà, wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni.

"Ọmọ mi, ṣé ẹnì kan ti fi iná kàn án?"

"Rárá o, bàbá."

"O ṣeun. Gbé e kúrò níbi táwọn ọmọ yìí ti ń jó irin, gbé e lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún."

Mo ní bàbá, ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti tán o. Wọ́n ní, "Òórùn ẹ̀ ńkọ́, ṣé ìyẹn náà ti tán?"

Ọjọ́ kìíní, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ní fóònù lọ́wọ́ gbé e sẹ́yìn, kí ìyá tó ń dáná nínú ọgbà pa iná ẹ̀ ná. Wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ ọmọ inú ẹnu idẹ yẹn, ó sọ fíìì díẹ̀, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá kan yíyọ ẹnu idẹ fúnra ẹ̀, ibẹ̀ lagbára wà. Wọ́n fi ṣéènì de ìsàlẹ̀ sìlíńdà mọ́ kùkùté igi, wọ́n gbé sípánà ńlá lé e, wọ́n ki páìpù gígùn bọ ọwọ́ sípánà kó lè lágbára, ọmọkùnrin méjì dì í mú, wọ́n ń yí i sápá òsì. Kò mira. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ká fi iná yá a díẹ̀ kó lè rọ̀. Mo rò pé ọ̀gá máa gbá a létí. Wọ́n kàn wò ó, wọ́n ní, "Iná kẹ̀? Lára èyí?" Ọmọ náà tẹrí ba. Wọ́n kán epo sí eteetí ẹnu idẹ náà, wọ́n fi igi lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yí po, igi o, kì í ṣe irin, nítorí irin lórí irin lè ta iná, a wá fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí a padà dé ó dún kẹ́ẹ́, ó gbà.

Wọ́n ki àrọ sẹ́nu ihò náà, wọ́n ń da omi sí i láti inú kẹ́ẹ̀gì. Ohun tí mo rí níbí ni mi ò lè gbàgbé. Omi ń sọ̀ kalẹ̀ gbulu gbulu, bí omi ṣe ń wọlé ni ohun tó wà nínú ẹ̀ ń jáde, òórùn yẹn wá dé, kì í ṣe èyí tí mo gbọ́ níjọ́ náà, eléyìí le, ó ń ta èèyàn nímú, ojú ń ta mí, a bo imú a sì sún sẹ́yìn, ìyá kan tó ń fọṣọ lódì kejì ògiri pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń tú gáàsì o!" Sìlíńdà tí òṣùwọ̀n sọ pé ó ti tán nìyẹn, tí wọ́n ti wọ dígí láti gé. Mo wo ọ̀gá, wọn ò wo èmi, omi ni wọ́n ń wò. Kẹ́ẹ̀gì kan àti díẹ̀ lé ni ó gbà kó tó kún dé ẹnu, ìgbà tí omi ń dà sílẹ̀ létí ẹnu ẹ̀ ni wọ́n tó ní ó tó.

Ó sùn pẹ̀lú omi. Lọ́jọ́ kejì a da omi náà nù sẹ́yìn ọgbà, níbi tó jìnnà sí kànga àti gọ́tà, ọ̀gá ní gáàsì tó bá bọ́ sí gọ́tà á sáré lọ bá ẹni tó ń dáná nísàlẹ̀ àdúgbò. Omi náà pupa bí omi ìpẹtà, ọ̀rá wà lójú ẹ̀. A bu omi gbígbóná, a da ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sí i, a kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀, èmi àti ọmọ iṣẹ́ kan ń yí i síwá sẹ́yìn nílẹ̀ bí ẹni ń yí àgbá, ó tó wákàtí kan. A fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ náà, a tún bu omi kún un, ó tún sùn. Lọ́jọ́ kẹta a tún fọ̀ ọ́, a tún bu omi kún un. Mo bi wọ́n pé ṣé kò tíì tó ni bàbá, wọ́n ní òórùn ṣì wà. Lóòótọ́ ó ṣì wà, torí òórùn yẹn ti wọ inú ìpẹtà, mo sì rò pé díẹ̀ ń bẹ níbẹ̀ títí dòní, àmọ́ ó ti kúrò ní èyí tó ń ta nímú.

Ọjọ́ kẹrin la tó gé e. Wọ́n fi okùn yí i ká, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fàlà tẹ̀ lé okùn, okùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan. Ibi tí wọ́n fàlà sí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí. Sìlíńdà irú èyí, apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ni wọ́n jó pọ̀ láàárín, ojú ìjórin yẹn yọ bí àpá. Èmi rò pé ibẹ̀ la máa gé, ọ̀gá ní rárá, ká gòkè ìka mẹ́ta sí i, kí àpá yẹn bá ìsàlẹ̀ lọ, torí tó bá wà létè agogo ohùn á kú, ètè agogo gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ dọ́gba yí po.

Ayùn ọwọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Omi ṣì wà nínú ẹ̀ dé abẹ́ ìlà, ta ni yóò wá gbé ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná lé irin tí omi ń dà jáde lára ẹ̀? Nítorí náà pẹ̀lú ọwọ́ ni, krr krr krr, wọ́n á gé díẹ̀ wọ́n á yí i, irin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà 3, abẹ ayùn mẹ́rin ló kán. Nígbà tí ẹnu ẹ̀ là tó èyí tí ọwọ́ méjì lè wọ̀, wọ́n da gbogbo omi nù, wọ́n nù ún, wọ́n fi í sílẹ̀ nínú oòrùn kí atẹ́gùn gba inú ẹ̀ kọjá, ìgbà yẹn ni wọ́n tó jẹ́ kí ẹ̀rọ parí èyí tó kù. Ó ya sí méjì bí igbá. Mo wo inú ẹ̀, láìka gbogbo fífọ̀ tí a fọ̀ ọ́ sí, ọ̀rá dúdú kan ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀ níbi tí òkúta ò dé. Ọ̀gá fi ìka kàn án, wọ́n ní kí n gbóòórùn ẹ̀. Gáàsì ni. Wọ́n ní ká ní iná ló kọ́kọ́ kàn án, eléyìí á gbóná á di èéfín, ẹni tó rò pé òun ti jẹ́ kí gáàsì fẹ́ lọ ni yóò bá a. Wọ́n fi ọ̀bẹ ha á kúrò.

Agogo wá kù. Apá òkè ni agogo, Ọlọ́run ti bá wa dá ihò sórí ẹ̀, ibi tí ẹnu idẹ wà tẹ́lẹ̀ ni a máa fi so ó. Mo yára gbé e kọ́, mo fi irin lù ú, ó dún kọ̀, kọ̀, bí ẹni ń gbá páànù. Àyà mi já. Mo rò pé gbogbo làálàá yẹn ti ṣòfò. Ọ̀gá nawọ́, wọ́n di òrùka orí ẹ̀ mú, èyí tí a fi ń gbé e, wọ́n ní òun ló ń pa ohùn náà, irin tí a jó mọ́ ọn yẹn kì í jẹ́ kó gbọ̀n. Wọ́n fi ẹ̀rọ gé òrùka náà kúrò, wọ́n fi fáìlì fá ètè agogo títí tí kò fi bu ọwọ́ mọ́, wọ́n tún gbé e kọ́. Gọ̀ọ́ọ́ọ́ọ́ọ́n. Àwọn tó ń jó irin dáwọ́ dúró. Ọ̀gá fúnra wọn tún lù ú lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n gbé etí sún mọ́ ọn, mo rí i pé inú wọn dùn dénú. Wọ́n sọ fún mi pé bàbá wọn máa ń rọ agogo táwọn eégún àti onígẹ̀lẹ̀dẹ́ ń lò, irin pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n máa ń fi òòlù lù pọ̀ létí, pé àwọn ò tíì rọ ọ̀kan látìgbà tí bàbá ti kú.

Bóòtù kan tó nípọn la fi gba ihò orí ẹ̀, a fi awẹ́ rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ sáàárín bóòtù àti irin kó má baà máa dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, a jó nọ́ọ̀tì ẹ̀ pa kí olè má lè tú u, a sì fi ṣéènì so ó mọ́ òpó irin tí a rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé. Awẹ́ irin kóńkéré ni wọ́n fi ń lù ú. Kíláàsì ẹ̀yìn ń gbọ́. Ìyá wa tí ilé wọn wà lápá ọjà náà ń gbọ́, wọ́n ní àwọn ti ń fi í mọ ìgbà tó yẹ kí àwọn sọ ẹ̀wà kalẹ̀.

Ẹ̀wà yẹn ló mú mi dé orí apá ìsàlẹ̀. Àbọ̀bọ̀ ni ìyá wa ń sè tà láràárọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀wà kì í gbọ́ bọ̀rọ̀, igi tó ń jó tán lábẹ́ ẹ̀ pọ̀, igi sì ti di wúrà. Ọ̀gá ló ní ká fi apá ìsàlẹ̀ ṣe ààrò ìyẹ̀fun pákó. Bó ṣe rí nìyí: wọ́n lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀, ó fẹ̀ bíi sẹ̀ntímítà 6, òrùka ìdí ẹ̀ dúró bí ẹsẹ̀ fún un, èyí tó ti jẹ lára òrùka náà la fi irin lẹ̀. Ẹ máa gbé ìgò òfìfo kan dúró sáàárín inú ẹ̀, ẹ máa ti igi kan gba ihò ẹ̀gbẹ́ wọlé títí tó fi kan ìdí ìgò, ẹ wá máa rọ ìyẹ̀fun pákó yí i ká, ẹ máa fi ọmọ odó kì í mọ́lẹ̀ kó le dáadáa, títí tó fi dé etí. Ẹ rọra fa igi yọ, ẹ yí ìgò díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ fà á yọ, ihò ti wà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹ wá dáná sí i láti ihò ẹ̀gbẹ́. Yóò máa jó láti inú ihò àárín yẹn síta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sí pé ẹnì kan ń ko igi sí i.

Àwọ̀ ara ẹ̀ ńkọ́? Ẹ má gbé oúnjẹ lé e lọ́jọ́ kìíní. A ti kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ àti yanrìn ha àwọ̀ ara ẹ̀, lẹ́yìn náà a dáná ńlá sí i níta gbangba, a dúró sápá tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí èyí tó kù jó dànù, torí nínú àwọn àwọ̀ àtijọ́ òjé máa ń wà, èéfín ẹ̀ ò dára fún ẹnikẹ́ni, ká má tíì wá sọ ọmọdé.

Ọjọ́ tí ìyá wa kọ́kọ́ lò ó, iná ẹ̀ kú. Ìkòkò wọn jókòó pẹlẹbẹ sórí ètè ààrò, ó dí i pa, èéfín ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ojú wọn pọ́n, wọ́n ní kí n gbé nǹkan mi kúrò. Mo gbé e padà sọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n jó kékeré irin mẹ́ta mọ́ ètè ẹ̀, gíga wọn bíi ìka méjì, ìkòkò wá ń jókòó lórí ìyẹn, iná rí ibi gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó gbọ́ tí ìyá wa ní, "Ọmọ mi, o ṣeun." Wọ́n máa ń dá a láago márùn-ún àárọ̀, kì í tíì kú láago mẹ́sàn-án. Ìyẹ̀fun pákó náà, ibi tí wọ́n ti ń la igi la ti ń kó o, wọ́n máa ń dáná sun ún dànù tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Àsìkò ọyẹ́ la bẹ̀rẹ̀, ó rọrùn, nígbà tí òjò dé ìyẹ̀fun náà ń mu omi, ó ń rú èéfín, ìyá wa wá ń tẹ́ ẹ sórí páànù ní ọ̀sán kí wọ́n tó lò ó lọ́jọ́ kejì. Ìta náà ni kẹ́ ẹ ti máa lò ó, ẹ má gbé e wọnú yàrá.

Òrùka orí tí wọ́n gé kúrò lára agogo, ìyá wa ti sọ ọ́ di òṣùká àmù, àmù omi wọn ń jókòó lé e kò sì mì mọ́. Ẹnu idẹ yẹn wà lọ́wọ́ ọ̀gá, mo fún wọn, ògidì idẹ ni.

Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan nílé ìwé náà ti ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ ìlù. Ó fi hàn mí lórí fóònù, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Dennis Havlena, ló fi sìlíńdà propane, irú gáàsì ìdáná kan, ṣe irú ìlù bẹ́ẹ̀ ní 2007, wọ́n ń pè é ní Hank drum, ìdí sìlíńdà ni wọ́n dojú ẹ̀ sókè, wọ́n gé ahọ́n bíi mélòó kan sí i lára, ahọ́n gígùn ń dún nísàlẹ̀, ahọ́n kúkúrú ń dún lókè, ọwọ́ ni wọ́n fi ń lù ú. Ó dùn mọ́ mi. Ìlù táwọn ọmọ á máa lù tí awọ ẹ̀ ò ní ya. Ọ̀gá wò ó pẹ́, wọ́n ní ó ṣeé ṣe, tí a bá rí sìlíńdà míì tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́.

Ohun kan tí wọ́n kọ̀ jálẹ̀: ẹnì kan gbọ́ nípa agogo yìí, ó gbé sìlíńdà acetylene àtijọ́ wá, gáàsì tí àwọn ajórin ń lò, ó ní kí wọ́n bá òun fi ṣe ààrò. Ọ̀gá ní kó gbé e padà lójú ẹsẹ̀. Inú sìlíńdà yẹn ò ṣófo bíi ti gáàsì ìdáná, nǹkan kan bíi kànìnkànìn tó le ni wọ́n kì kún inú ẹ̀, acetone ti rin ín, gáàsì wà nínú acetone, kò sí omi tó lè fọ ìyẹn jáde. Ti oxygen náà, wọn ò gbà á. Ti gáàsì fíríìjì náà, wọn ò gbà á, nítorí èyí tó bá kù nínú ẹ̀ tó bá pàdé iná á di èéfín olóró. Ti gáàsì tí a fi ń dáná nìkan ni wọ́n ń fọwọ́ kàn, òun náà, omi ló kọ́kọ́ ń wọ̀ ọ́.

Gbogbo owó tó jáde, abẹ ayùn, bóòtù, ṣéènì, rọ́bà, ọṣẹ, zémíjàn, àti ohun tí mo fún ọ̀gá, kò ju 14 000 sẹ́fà lọ. Wọn ò bá mi dúnàá dúrà rárá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi rí sìlíńdà míì ní Ìlárá lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀, oní-kílò 6, tiwọn ni, Nàìjíríà náà ni wọ́n ti rà á, a ti gbé e wá. Ó wà nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ọgbà ọ̀gá báyìí, ẹnu idẹ ẹ̀ ti kúrò, omi ti wà nínú ẹ̀ láti ọjọ́ ọjà.